Lékeléke mi ń jáde bí ẹ̀kọ tútù: ṣé kí n fi owó àjọ ra lẹ́ǹsì ńlá?

TísàÌjùmú · Sátidé, 6 Oṣù Kẹsàn-án, 7:12 àárọ̀

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé-ìwé girama kan níhìn-ín ní Ìjùmú, ilẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì. Ìwé tí à ń lò, ẹyẹ ilẹ̀ òyìnbó ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Mo ní kí wọ́n ya ẹyẹ kan fún mi. Ọmọ tó jẹ́ pé lékeléke ló ń rí lẹ́yìn ilé wọn ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ẹyẹ inú yìnyín ló yà. Ìyẹn ló mú mi ra Canon àlòkù kan lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú lẹ́ǹsì kékeré tó bá a wá àti èkejì tó gùn díẹ̀, 75-300 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ló ṣe ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí tó). Mo fẹ́ máa ya ẹyẹ, ẹranko, ẹja àti òkè ilẹ̀ wa, kí n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì.

Ọ̀rọ̀ náà ò lọ dáadáa. Ẹ wo lékeléke mi: kò ní ìyẹ́, kò ní ọrùn, funfun báláú ni, bí ẹ̀kọ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé lára ẹ̀. Lóṣù kìíní mo ná owó ọkọ̀ dé Lọ́kọ́jà, mo gun òkè Patti, aago mẹ́jọ àárọ̀ mo ti wà lórí ẹ̀. Ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé tí mo tìtorí ẹ̀ lọ, eérú ni mo rí. Ti ẹja ló wá burú jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ki fóònù mi sínú ọ̀rá tí wọ́n ní omi ò lè wọ̀, mo tì í bọ odò. Tíì Milo tí wọn ò bu mílíìkì sí ni mo yà.

Àjọ wa á kàn mí ní ìparí oṣù yìí. Ṣé kí n fi ra lẹ́ǹsì 600 tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀?

---

YàgbàGidi · 7:40 àárọ̀

Ẹ rà á. Ohun tí ojú ò tó, ọwọ́ ò lè yà á. Àlòkù tó dáa wà nígboro, ẹ ò ní kábàámọ̀.

---

OníFọ́tò_Kàbbà · 8:25 àárọ̀

Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ná owó yín. Tí lẹ́ǹsì 600 bá dé ọwọ́ yín lónìí, ẹ̀kọ tútù tó tóbi sí i lẹ máa rí.

Ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni mo fi ń jẹun, ẹyẹ ni mo fi ń sinmi. Mo ti ba lékeléke jẹ́ tó igba kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kámẹ́rà ò mọ lékeléke yàtọ̀ sí kannakánná. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé kí gbogbo nǹkan tó wà níwájú òun jọ eérú, kó má funfun, kó má dúdú. Pápá ló gba gbogbo ojú fọ́tò yín, lékeléke ò ju èékánná lọ láàárín ẹ̀. Kámẹ́rà wo pápá, ó ní ibí yìí ti ṣókùnkùn jù, ó bu ìmọ́lẹ̀ lé e. Pápá mọ́ lóòótọ́, lékeléke jóná. Ibi tó bá sì ti jóná nínú fọ́tò, kò sí ohun tí ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe tí ìyẹ́ máa fi padà síbẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣì ṣeé fà sókè.

Àwọn àgbà ti pín in fún wa: agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ mi. Ẹyẹ ẹlẹ́fun, dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹyẹ aláró, bù kún un. Bọ́tìnnì kan wà lára kámẹ́rà yín tó ní àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò. Fún lékeléke, ẹ fà á sí -1. Bí oòrùn bá mú gan-an, ẹ lè dé -2. Kannakánná tàbí ìgún tó ń fò lójú ọ̀run, +1. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ìka mọ́ ara ẹyẹ náà lójú ẹ̀, àmì oòrùn kékeré á yọ, ẹ rọra fà á wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìyẹ́.

Èkejì: òjìji yín. Kí ẹ tó yà á, ẹ wo ilẹ̀. Tí òjìji yín bá nà sọ́dọ̀ ẹyẹ, ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn yín, ó dáa. Tí òjìji bá kúrú sábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ọ̀sán ti pọ́n, ẹ máa lọ sílé lọ jẹun.

Mo darúkọ àlùkò, ẹ jẹ́ n sọ èyí kí n má gbàgbé. Osùn tí wọ́n ń sọ yẹn, inú ìyẹ́ apá ló fi pamọ́ sí. Tó bá bà sórí igi, ẹ máa rò pé aró ni gbogbo ara ẹ̀. Àfi tó bá fò, pupa á là yàà. Bàbà ló wà nínú pupa yẹn o, bàbà gidi tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, ìdílé ẹyẹ yẹn nìkan la sì mọ̀ tó ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ya àlùkò lórí ìjókòó. Ẹ gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ dojú kọ ẹ̀ka tó bà lé, kí ẹ sì dúró dè é títí tó máa fi gbéra. Èmi dúró fún wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbéra nígbà tí mo ń nu imú.

---

TísàÌjùmú · 8:51 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Òjìji yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo ń lọ sẹ́yìn ilé báyìí.

---

ỌmọỌdẹ_Bùnú · 10:03 àárọ̀

Okun o. Tísà, ẹ̀yin náà ń lépa lékeléke, àbí? Mo rí i nínú fọ́tò kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí yín.

Bàbá mi máa ń sọ pé ẹran kì í sá fún ènìyàn, ìrìn ènìyàn ló ń sá fún. Lékeléke ò fẹ́ràn màlúù lásán. Bí màlúù bá ń rìn, tata àti kòkòrò á máa ta sókè lẹ́sẹ̀ ẹ̀, òun á máa ṣà wọ́n jẹ. Nítorí náà ibi tí màlúù dojú kọ ni lékeléke ń lọ. Ẹ lọ jókòó síwájú wọn ní ogójì tàbí àádọ́ta ìṣísẹ̀, ẹ kí darandaran kó mọ̀ yín, kí ẹ má sì mira. Wọ́n á rìn wá bá yín. Lẹ́ǹsì 300 yín á ti pọ̀ jù.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi nǹkan kọ́ ọwọ́, ẹ má lọ jìnnà. Alángbá ògiri ilé-ìwé yín ńkọ́? Akọ tó pọ́n lórí yẹn. Ní kùtùkùtù tí ara ẹ̀ ṣì tutù, àwọ̀ ẹ̀ á ṣá bí aṣọ tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kí oòrùn yá a fún bíi wákàtí kan, orí á pọ́n bí epo, ara á dúdú mọ́ aró. Ẹ dojú bolẹ̀ kí kámẹ́rà bá ojú ẹ̀ dọ́gba. Ẹ má yà á látòkè bí ẹni tó fẹ́ sọ òkò lù ú. Ó máa wò yín, á kanrí nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á dúró. Ìgbà tó bá nàró tí orí wà lókè pátápátá ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, torí ibẹ̀ ló ti ń dúró díẹ̀ kó tó tún kan òmíràn. Ẹ wo ojú ẹ̀ kí ó mú rekete. Tí ojú ò bá ti mú, ẹ pa á rẹ́, bó ti wù kí ìrù dáa tó.

---

YàgbàGidi · 10:20 àárọ̀

Alángbá! Ẹni tó fẹ́ ya ẹran igbó, ẹ ní kó lọ ya alángbá. Ẹ jẹ́ kó ra lẹ́ǹsì o.

---

ÌyáẸlẹ́ja · 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Etí omi Lọ́kọ́jà ni mo ti ń ta ẹja, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Tísà, ta ló rán ọ wọ odò ya ẹja nínú òjò? Omi àsìkò yìí, òun fúnra ẹ̀ ò rí ara ẹ̀. Àwọn apẹja pàápàá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ ohun tó wà nínú àwọ̀n. Ìwọ wá fẹ́ fi fóònù rí i.

Ẹja tí o fẹ́ rí, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Gbé gíláàsì wá, gbé omi tó mọ́ sínú ẹ̀, máa bọ̀ ní kùtù hàì kí àwọn oníbàárà tó dé. Àrọ̀ wà, epìyà wà, èyí tó ń gbé ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́ náà máa ń wà. Tí o bá yà á tán, kó o rà á. Mi ò tọ́jú ẹja fún fọ́tò lásán.

---

Awọnmi_tẹ́lẹ̀ · 2:48 ọ̀sán

Mọ̀mọ́ sọ òótọ́. Iṣẹ́ wíwọn omi odò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ n fi èyí kún un.

Omi méjì ló ń gba inú Ọya kọjá lọ́dún. Èyí tó ń wá látinú òjò ilẹ̀ wa níhìn-ín là ń pè ní omi funfun, òun ló ń mú odò kún ní oṣù kẹsàn-án, ẹrẹ̀ ló sì kún inú ẹ̀. Omi dúdú ni èkejì. Òjò orí òkè Guinea ni, ó máa ń pẹ́ lọ́nà nítorí pé ó tẹ́ jáde sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ gbalasa kan ní Mali, ibẹ̀ ló ti ń da ìdọ̀tí ẹ̀ sílẹ̀. Ọdún á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ wò ó báyìí: èyí tí wọ́n pè ní dúdú ló mọ́, èyí tí wọ́n pè ní funfun ló dọ̀tí. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò Kainji ní 1968, ọwọ́ àwọn tó ń ṣí omi sílẹ̀ níbẹ̀ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ omi tó mọ́ díẹ̀, kó dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà náà ni iyanrìn á yọ láàárín odò, àwọn ẹyẹ pupa tó ń jẹ oyin á sì máa gbẹ́ ihò wọn sára bèbè. Ihò lórí ihò, bí ilé alájà. Ẹ má sún mọ́ bèbè yẹn látòkè o, ó máa ń ya lulẹ̀, tòun ti ọmọ inú ihò. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti yà wọ́n.

Nǹkan kan tún wà, kì í ṣe ti fọ́tò. Tí ẹ bá dé orí Patti, ẹnìkan á sọ fún yín pé abẹ́ igi oṣè yẹn ni Flora Shaw jókòó sí tó fi sọ orúkọ Nàìjíríà. London ni obìnrin náà ti kọ ọ́, nínú ìwé ìròyìn The Times, ní 8 Oṣù Kìíní 1897. Lugard ò tíì fẹ́ ẹ nígbà náà. 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó. Igi náà dáa láti yà, kò nílò ìtàn yẹn.

---

OníFọ́tò_Kàbbà · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ṣì jẹ Tísà ní gbèsè ọ̀rọ̀ Patti.

Àṣìṣe méjì lẹ ṣe níbẹ̀. Ọyẹ́ ni oṣù kìíní. Eruku aṣálẹ̀ ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ti ilẹ̀ Chad wá, kò sí lẹ́ǹsì tó lè gba inú ẹ̀ kọjá. Lẹ́ǹsì gígùn tún máa ń bà á jẹ́ sí i, torí eruku tó wà láàárín yín àti ohun tó jìnnà ló ń kó jọ. Ìkejì ni aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìlà oòrùn ni odò wà sí òkè yẹn. Oòrùn ń wo yín lójú, ẹ̀yin náà ń wò ó lójú, ta ló máa ṣẹ́jú?

Ẹ lọ nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, torí òjò ti fọ ojú ọ̀run. Ẹ gùn ún ní ọ̀sán, kí aago mẹ́rin bá yín lókè. Oòrùn á ti bọ́ sẹ́yìn yín, á máa tan iná sórí odò fún yín. Tí ẹ bá rí owó fílítà tó ń pa dídán omi, ẹ rà á, kò wọ́n tó lẹ́ǹsì. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ lójú lẹ́ǹsì, ẹ ó rí i tí dídán ń kúrò lójú omi. Ìlà tó pín omi méjèèjì ni ẹ ń wá. Ọ̀kan á pọ́n bí ẹ̀kọ ọkà bàbà, èkejì á yàtọ̀ sí i.

Ẹ má sì bú ọyẹ́ jù. Àárọ̀ ọyẹ́ ni mo fi ń ya àwọn òkè tó yí Kàbbà ká. Èyí tó sún mọ́ á dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e á rí bí eérú, èyí tó jìnnà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ẹ̀yìn òkè ẹ̀yìn òkè, bí aṣọ òkè tí wọ́n ká jọ. Nígbà yẹn, ẹ kọjú sí oòrùn gan-an.

---

YàgbàGidi · 4:41 ìrọ̀lẹ́

Dróònù ló máa yanjú gbogbo èyí.

---

Alága · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Dróònù gba ìwé àṣẹ NCAA (àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú) àti ti ONSA (ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò). Ẹni tí kò bá ní in, kó má gbé nǹkan tó ń kùn sókè lágbègbè wa lásìkò yìí, àwọn èèyàn ti ń fura sí ara wọn tó. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ igbó, kó sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ ibẹ̀, kó má dá lọ, kó tètè kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

---

ỌmọOkun_lókun · Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 6:19 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìsánlú ni wọ́n bí mi sí, Dar es Salaam ni iṣẹ́ gbé mi wá. Ọ̀rọ̀ fóònù inú odò yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín tí mo fi wọlé.

Mo ń wọ òkun lọ ya ẹja níhìn-ín. Omi tó mọ́ tí ẹ fi ń rí ìsàlẹ̀ látinú ọkọ̀, òun náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Omi ń jẹ àwọ̀. Pupa ló kọ́kọ́ ń jẹ. Kí ẹ tó rì dé mítà mẹ́wàá ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọ̀ ọsàn á tẹ̀ lé e, búlúù ló ń kù. Ọjọ́ kan òkúta gé mi níka, nísàlẹ̀ tó bíi mítà ogún. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde, àwọ̀ ewé ni, bí omi tí wọ́n fọ ẹ̀fọ́ jáde. Mo rò pé nǹkan ti ta mí, mo ń pariwo sínú ọ̀pá tí mo fi ń mí. Ìgbà tí ọ̀gá tó kó wa wọ omi tan tọ́ọ̀ṣì sí i ló tó pọ́n padà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé iná wọ omi, tí a sì ń sún mọ́ nǹkan bí ẹni fẹ́ fẹnu kò ó. Tí ẹja bá jìnnà ju apá kan àtààbọ̀ lọ, mi ò yọ ara mi lẹ́nu. Iná náà, ẹ ò gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí kámẹ́rà. Ẹ rántí bí ọkọ̀ ṣe máa ń tan iná nínú ọyẹ́ láàárọ̀, tó jẹ́ eruku nìkan ni awakọ̀ ń rí? Bákan náà ni. Orí ọ̀pá irin méjì là ń gbé e lé, ọ̀kan ọ̀tún, ọ̀kan òsì, kó máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ìdọ̀tí tó wà níwájú lẹ́ǹsì má baà tàn.

Òkúta iyùn ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń yà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òkúta ni, ẹranko ni o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kéékèèké tí wọ́n jọ kọ́ ilé kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nítorí fọ́tò.

Fún ẹja Ọya, ti Mọ̀mọ́ ni kí ẹ ṣe. Ẹ ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé bá yín lẹ àpótí kan pọ̀, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ṣùgbọ́n kí inú ẹ̀ há, kó má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ẹja má baà rí àyè sá lọ sẹ́yìn. Omi ẹ̀rọ, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí kẹ́míkà inú ẹ̀. Ẹ má da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tètè tòrò, ó ń pa ẹja lára. Aṣọ dúdú ni kí ẹ fi bo kámẹ́rà, ẹ lu ihò sí i kí lẹ́ǹsì yọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú ara yín lẹ máa rí nínú gíláàsì.

---

ÌyáẸlẹ́ja · 9:00 àárọ̀

Ọmọ Okun ti rí òkun! Olúwa á ṣọ́ ọ níbẹ̀. Àwa tó kù, odò nìkan la mọ̀.

---

ỌmọỌdẹ_Bùnú · Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án, 9:37 alẹ́

Ẹ wo ohun tí mo rí lánàá. Àkíká ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì tí mo fi ọ̀rá pupa bò lójú, ó ń fi èékánná tú ilé ìkamùdù. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi ló ká ara ẹ̀ jọ, ó fi ìrù bo imú, kò yọ nǹkan kan síta mọ́ àfi ìpẹ́. Mo pa iná, mo jókòó, mi ò ka ìṣẹ́jú. Nígbà tó yá mo gbọ́ tí ìpẹ́ ń ha ara wọn, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, bí ẹni ń rọra da ìkarahun ìgbín sílẹ̀. Imú ló kọ́kọ́ yọ. Fọ́tò imú yẹn nìkan ni mo ní, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

---

YàgbàGidi · 9:44 alẹ́

Áà! Ìhà ibo nìyẹn? Mo lè wá lọ́sẹ̀ yìí.

---

ỌmọỌdẹ_Bùnú · 9:46 alẹ́

Ilẹ̀ Nàìjíríà.

---

YàgbàGidi · 9:47 alẹ́

Ọ̀rẹ́, fọ́tò ni mo fẹ́ yà. Ṣé mo jọ ẹni tó ń jẹ àkíká ni?

---

Alága · 10:15 alẹ́

Yàgbà, a mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń ka ohun tí a ń kọ síbí. Láti 2017 ni gbogbo ẹ̀yà àkíká mẹ́jọ tó wà láyé ti wà lórí ìwé CITES tí wọ́n fi ka òwò wọn léèwọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ ìpẹ́ wọn ṣì ń gba ilẹ̀ wa kọjá. Níhìn-ín, a kì í sọ ibi tí a ti rí àkíká, a kì í sì sọ ibi ìtẹ́ ẹyẹ.

Ẹ tún yẹ fóònù yín wò. Tí ẹ ò bá ti pa á, ó ń kọ ibi tí ẹ wà sínú fọ́tò láìsọ fún yín. Tí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi ránṣẹ́ lásán, á yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fáìlì kó má baà ba dídára ẹ̀ jẹ́, bí ó ṣe wà ló ń lọ, tòun ti àdírẹ́sì. ỌmọỌdẹ, mo ti yẹ tìrẹ wò, ó mọ́.

---

OníFọ́tò_Kàbbà · 10:31 alẹ́

Imú yẹn dáa ju gbogbo ìyàwó tí mo yà lọ́dún yìí lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn.

---

TísàÌjùmú · Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 8:05 alẹ́

Okun o. Mo ti dé, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Lékeléke kọ́kọ́: -1, mo jókòó síwájú màlúù, òjìji mi nà lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo ka ìyẹ́ ọrùn ẹ̀. Tata kan wà lẹ́nu ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń ta. Àwọn ọmọ kíláàsì ò gbà pé èmi ni mo yà á.

Mo kan àpótí gíláàsì, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Mọ̀mọ́ lánàá. Wọn ò tíì dé, ẹni tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní kí n máa mú ohun tó bá wù mí nínú ọpọ́n. Mo rí ẹja kan tó sanra, tó ní irungbọ̀n, ara ẹ̀ ń dán. Mo rò pé àrọ̀ ni. Èmi olùkọ́ bàọ́lọ́jì o. Mi ò wo ẹ̀yìn ẹ̀ kí n rí i pé lẹbẹ ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òjíji ni. Ó gbá mi lójijì, ọwọ́ mi kú dé ìgúnpá, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti ṣòkòtò ìjọ́sìn. Gbogbo ọjà dákẹ́ ná, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún méje pé ẹja yìí lè yọ iná tó 350 volt. Mi ò mọ̀ ọ́n lójú.

Wọ́n fi igbá gbé e sínú gíláàsì fún mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi yà á, ọ̀tún ṣì ń gbọ̀n. Ojú ẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ètè ẹ̀ nípọn, ó ń wò mí bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ lówó. Lẹ́yìn ẹ̀ mo ya èyí tó ń gbé ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́. Ikùn ẹ̀ ló dúdú, ẹ̀yìn ló mọ́, òdìkejì gbogbo ẹja tó kù. Mo gbé fọ́tò náà sókè níwájú ìyàwó mi, ó ní mo dojú ẹ̀ dé.

Òjò ńlá rọ̀ lóru, mo sun Lọ́kọ́jà, mo gun Patti lónìí. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìkùukùu là. Mo rí ìlà náà! Ó wọ́ lọ bí okùn tí wọ́n nà sójú omi, ọkọ̀ apẹja kan sì wà lórí ẹ̀ gan-an, ìdí ẹ̀ nínú omi kan, imú ẹ̀ nínú èkejì. Fọ́tò mẹ́tàlélógójì ni mo yà, orí ẹnìkan tó ń ya ara ẹ̀ wà nínú mọ́kàndínlógójì.

Owó àjọ: gíláàsì, fílítà, owó ọkọ̀, àti ẹja ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà tí Mọ̀mọ́ ní àfi kí n rà.

---

ÌyáẸlẹ́ja · 8:30 alẹ́

Mo ní kó rà á, mi ò ní kó fọwọ́ kàn án. Ó kú ewu, ọmọ mi. Òjíji yẹn dùn lọ́bẹ̀ o, ṣé ẹ ti sè é?

---

YàgbàGidi · 8:52 alẹ́

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Fọ́tò ọkọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà jẹ́wọ́. Lẹ́ǹsì 600 yẹn, èmi ni mo ní ọ̀kan. Mo rà á lọ́dún méjì sẹ́yìn, mi ò tíì ya ẹyẹ kan tó mú pẹ̀lú ẹ̀. Ó mọ́, pálí ẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá bá mi níkọ̀kọ̀.

---

ỌmọỌdẹ_Bùnú · 8:54 alẹ́

Ìhà ibo nìyẹn?